Níbo Ni Shooting Stars Yóò Ti Máa Rí Agbábọ́ọ̀lù? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Akádẹ́mì Ọ̀dọ́ ní Ìbàdàn

Ní abúlé Felcsút lórílẹ̀-èdè Húńgárì, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún méjì. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù abúlé yìí ló ṣe ipò kejì nínú líìgì àgbà Húńgárì ní sáà 2020–21, òun náà ló tún ṣe ipò kejì ní 2024–25. Puskás Akadémia ni wọ́n ń pè é. Orúkọ Ferenc Puskás, ògbóǹtarìgì tó gbá bọ́ọ̀lù fún Real Madrid, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kejì nínú orúkọ náà ló sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá: ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ ni gbòǹgbò, ikọ̀ àgbà ni ẹ̀ka.

Òdìkejì èyí la bá ní Ìbàdàn. Níbí, ikọ̀ àgbà Shooting Stars ló ṣáájú. WNDC, ilé-iṣẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ló ni ín níbẹ̀rẹ̀. Ó di IICC Shooting Stars, ó sì di Shooting Stars Sports Club, 3SC tí tọmọdé-tàgbà mọ̀. Ní 1976, òun ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà wá sílé: ó na Tonnerre Yaoundé ti Kamẹrúùnù ní góòlù mẹ́rin sí ẹyọ kan nílé, wọ́n na òun náà ní ẹyọ kan sí òdo lọ́hùn-ún, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 4–2. Ó gba ife CAF ní 1992, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje náà. Ó gba líìgì ní 1976, 1980, 1983, 1995 àti 1998. Láti ìgbà náà títí di òpin sáà 2024–25, kò rí ife líìgì gbà mọ́. Ó já kúrò ní líìgì àgbà ní 2017, ọdún 2021 ló tó gòkè padà.

Nínú gbogbo ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ yìí, ìbéèrè kan kò tán lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù láti Dùgbẹ̀ dé Challenge: níbo ló yẹ kí ẹgbẹ́ ìlú ńlá báyìí ti máa rí agbábọ́ọ̀lù? Ṣé kó máa rà wọ́n ni, àbí kó máa tọ́ wọn? Bó bá sì jẹ́ kó tọ́ wọn, ta ni yóò san owó oúnjẹ, ta ni yóò sì jẹ èrè? Ìdáhùn pọ̀, wọ́n sì ń ta ko ara wọn. Mo tò wọ́n síbí lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àwọn tó ń jiyàn lórí rẹ̀ kì í sábà gbọ́ ara wọn yé, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ wa ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí.

Kí là ń pè ní akádẹ́mì?

Ká tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ yìí fúnra rẹ̀ nílò ìtúpalẹ̀, torí pé ohun tí ẹnì kan ní lọ́kàn kọ́ ni ẹnì kejì ń sọ.

Ẹ wo pápá ilé-ìwé kan lọ́sàn-án Sátidé. Ilẹ̀ pupa ni. Koríko ti tán láàárín, etí pápá nìkan ló kù sí. Ogójì ọmọ, bọ́ọ̀lù mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ti bó awọ. Ike omi tí wọ́n gé sí méjì ni wọ́n tò sílẹ̀ fún àwọn ọmọ láti máa sá yípo. Kóòṣì kan ṣoṣo, fèrè lọ́rùn, ló ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún pa pọ̀. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìlà yóò dúró pẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan, yóò sì tún padà sẹ́yìn ìlà. Akádẹ́mì ni wọ́n ń pe èyí. Akádẹ́mì náà ni wọ́n ń pe ibi tí ọmọ ti ń sùn, tó ti ń jẹun, tí olùkọ́ ìṣirò àti dókítà ń dúró dè é, tí ikọ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ti mẹ́tàdínlógún sì yàtọ̀ síra.

Èmi kò fi kóòṣì oníke omi yẹn ṣẹ̀sín o. Láìsí irú wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ kì bá tí mọ bí wọ́n ṣe ń fi àyà gba bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní Ìbàdàn ti ní akádẹ́mì tó pọ̀, tí ẹlòmíràn sì ní kò ní ẹyọ kan, ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì máa sọ òótọ́.

Àwọn tó ní iṣẹ́ ìjọba ni

Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù nìyí, ó sì rọrùn láti mọ ìdí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni 3SC. Ìjọba náà ló kọ́ pápá Lékan Sàlámì ní Adámásìngbà, tí wọ́n ṣí ní 1988. Pápá ńlá tó wà ní Òkè-Àdó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ring Road, Liberty tí wọ́n ṣí ní 1960 tí wọ́n wá fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè, owó ìjọba ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ilé-ìwé girama tó ní pápá, ti ìjọba ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó di èrò yìí mú ní ohun èlò ti wà nílẹ̀, àkójọpọ̀ rẹ̀ ló kù. Wọ́n a sì tọ́ka sí Ìlọrin, níbi tí ìjọba Kwara ti dá Kwara Football Academy sílẹ̀ ní 2005, ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ pátápátá.

Agbára ìmọ̀ràn yìí ni pé ọmọ tálákà kò ní san kọ́bọ̀. Ọmọ mẹkáníìkì ní Mọ́níyà àti ọmọ olùkọ́ yunifásítì ní Bódìjà yóò jọ tò sórí ìlà kan náà, ẹsẹ̀ wọn ni yóò sì ṣe ìdájọ́. Olówó àdáni kò lè ṣèlérí ìyẹn.

Àìlera rẹ̀ wà nínú kàlẹ́ńdà. Ọmọ tó bá wọ akádẹ́mì lọ́mọ ọdún méjìlá kò ní tó gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ àgbà kó tó pé ọdún méjìdínlógún, ó kéré tán. Ọdún mẹ́fà nìyẹn. Ọdún mẹ́rin ni sáà gómìnà. Alága tí wọ́n yàn sípò ẹgbẹ́ mọ̀ pé èsì bọ́ọ̀lù ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n máa fi díwọ̀n òun. Kò sí ẹni tó máa kan sáárá sí i lónìí nítorí ọmọ tó máa mọ bọ́ọ̀lù gbá lẹ́yìn tó bá ti kúrò lórí àga. Shooting Stars ti ní ikọ̀ ọ̀dọ́ tó wà láti máa bọ́ ikọ̀ àgbà, ṣùgbọ́n bí owó bá ti fẹ́ dín, àwọn ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé tiwọn kúrò. Àti pé níbi tí owó ìjọba bá wà, ìwé ìdámọ̀ràn kì í jìnnà: ọmọ ta ni, ta ló rán an wá?

Ó dára ká fi Húńgárì kún un níbí, nítorí àwọn kan a máa pe Felcsút ní iṣẹ́ àdáni pọ́ńbélé. Viktor Orbán, olóṣèlú tó di olórí ìjọba Húńgárì, tí ó dàgbà ní abúlé náà, ló dá akádẹ́mì yẹn sílẹ̀. Ní 2011, orílẹ̀-èdè náà ṣe òfin tó fún àwọn ilé-iṣẹ́ láyè láti fi apá kan owó orí wọn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ eré ìdárayá. Pápá Pancho tí wọ́n ṣí ní 2014, tí àyè ìjókòó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ju gbogbo olùgbé abúlé náà lọ ní ìlọ́po méjì. Àwọn alátakò ní Húńgárì ní owó ìlú ni wọ́n fi ń bọ́ ẹgbẹ́ ẹni ńlá kan, wọ́n sì ní pẹ̀lú gbogbo orúkọ akádẹ́mì náà, àjèjì pọ̀ nínú ikọ̀ àgbà rẹ̀. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ní àwọn ilé-iṣẹ́ ló fínnúfíndọ̀ yan ibi tí owó wọn ń lọ, àti pé ọmọ àwọn ará ìlú ló ń jàǹfààní. Bí a bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ lára Felcsút, a ó gba ìyìn rẹ̀ àti ẹ̀sùn rẹ̀ pọ̀.

Àwọn tó ní kí olówó àdáni gbé e ṣe

Kò pọn dandan ká kọjá Ìkẹ́nnẹ́ ká tó rí àpẹẹrẹ. Remo Stars, ẹgbẹ́ tí oníṣòwò Kunle Soname ni, ló sún mọ́ ìlànà Puskás Akadémia jù nílẹ̀ Yorùbá. Ó ní pápá tirẹ̀ nílùú tí kò tó ìdá kékeré lára Ìbàdàn. Ó ní akádẹ́mì Beyond Limits, tí ikọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì kejì, kí àwọn ọmọ lè kojú àgbà kí wọ́n tó di àgbà. Ó ṣe ipò kejì ní 2022–23, ó tún ṣe ipò kejì ní 2023–24, ó sì gba líìgì Nàìjíríà ní 2024–25. Ní 2015, Soname ra ẹgbẹ́ Feirense nílẹ̀ Potogí, tí ọ̀nà láti Ìkẹ́nnẹ́ sí Yúróòpù fi di ọ̀nà tí ẹni tó ni ọmọ mọ̀.

Ibi tí mo ti rí ọgbọ́n jù nínú ètò yìí ni ikọ̀ tó wà ní líìgì kejì yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó bá ń na àwọn ojúgbà rẹ̀ ní góòlù márùn-ún ní gbogbo ìgbà kò kọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ẹni ọgbọ̀n ọdún tó ní ọmọ mẹ́ta nílé, tí owó oṣù rẹ̀ wà lórí èsì bọ́ọ̀lù, bá fi èjìká kàn án ní ilẹ̀ ẹlẹ́rọ̀fọ̀, ìgbà yẹn ló ń mọ̀ bóyá òun lè ṣe é. Akádẹ́mì púpọ̀ ní ilé ìgbé àti aṣọ tó jọra, àmọ́ wọn kò ní ibi tí wọ́n lè fi ọmọ sí láti wòye èyí.

Ṣùgbọ́n Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ti rí bí ọ̀nà olówó àdáni ṣe ń parí. Ẹgbẹ́ Leventis United wà níbí ní àwọn ọdún 1980. Ó gba ife Challenge, ife ìdíje orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ní 1984, ó dé àṣekágbá ife Áfíríkà ní 1985 kí Al Ahly ti Íjíbítì tó borí rẹ̀, ó gba líìgì àti ife Challenge pọ̀ ní 1986. Ní 1987, àwọn tó ni ín tú u ká. Láàárín ọdún kan péré, ẹgbẹ́ tó dára jù ní Nàìjíríà di ìtàn. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta, tí ó gba ife Challenge ní 1985 àti 1987, òun náà kò sí mọ́. Kò sí òfin tó ní kí olówó má ṣíwọ́ ìnáwó rẹ̀. Bó bá ṣíwọ́, ikọ̀ àgbà lè rí ẹgbẹ́ mìíràn lọ; ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó wà ní ilé ìgbé ńkọ́?

Àtakò kejì jẹ́ ti ìṣirò. Oníṣòwò ń wá èrè, èrè sì wà nínú títa ọmọ. Ọmọ tó bá dára tó láti gba líìgì fún ẹgbẹ́ ni ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ tà. Àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ á máa kọ́ orúkọ tuntun ní gbogbo sáà.

Àwọn tó ní ká fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú Yúróòpù

Èrò yìí ní ẹ̀rí tó pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òun náà ló ní ọgbẹ́ tó pọ̀ jù.

Ní Ṣàgámù, FC Ebedei ti bá FC Midtjylland ti Dẹ́ńmákì da ọwọ́ pọ̀ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni Paul Onuachu àti Frank Onyeka gbà lọ kí wọ́n tó di agbábọ́ọ̀lù Super Eagles. Ní Dakar, Mady Touré dá Génération Foot sílẹ̀ ní 2000, ó sì bá FC Metz ti ilẹ̀ Faransé ṣe àdéhùn. Ibẹ̀ ni Sadio Mané, Ismaïla Sarr àti Pape Matar Sarr ti jáde. Ohun tó yẹ kí Ìbàdàn fiyè sí jù ni pé Génération Foot kò dúró sí kìkì títa ọmọ: ikọ̀ rẹ̀ gba líìgì Sẹ̀nẹ̀gà ní 2017, ó tún gbà á ní 2019. Akádẹ́mì ló bí ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ sì ń gba ife.

Abidjan ni ìtàn tó kọni lóminú. Ní 1994, Jean-Marc Guillou, ọmọ Faransé, dá akádẹ́mì sílẹ̀ fún ASEC Mimosas. Kolo Touré, Yaya Touré, Didier Zokora, Emmanuel Eboué, Gervinho, ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ gbogbo wọn. Ní oṣù kejì 1999, nígbà tí ASEC fẹ́ bá Espérance ti Tùnísíà figa gbága fún Super Cup Áfíríkà, àwọn ọmọ akádẹ́mì wọ̀nyí, àwọn ọ̀dọ́langba, ni wọ́n kó sórí pápá, wọ́n sì borí ní 3–1 lẹ́yìn àfikún àkókò. Ìlú rò pé ìjọba bọ́ọ̀lù Áfíríkà ti di tiwọn. Ní 2001, Guillou lọ sí Beveren ní Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn ọmọ náà sì tẹ̀ lé e lọ tó fi jẹ́ pé ọmọ Abidjan ló kún ikọ̀ ẹgbẹ́ Bẹ́ljíọ̀mù náà. Orílẹ̀-èdè Ivory Coast jèrè níkọ̀ àgbà rẹ̀. ASEC kò tún gba ife ẹgbẹ́ àgbà Áfíríkà tó gbà ní 1998 mọ́.

Ghánà gba ọ̀nà mìíràn. Right to Dream, tí Tom Vernon dá sílẹ̀ ní 1999, ló yí ọ̀rọ̀ náà po: dípò kí ẹgbẹ́ Dẹ́ńmákì ra akádẹ́mì, akádẹ́mì náà ló ra ẹgbẹ́ Dẹ́ńmákì, Nordsjælland.

Ẹni tó bá fẹ́ èyí fún Ìbàdàn yóò ní òun kò rí ìjọba tàbí olówó ìlú tó máa kọ́ ilé ìgbé, pápá oníkoríko àtọwọ́dá àti ilé ìwòsàn eléré bí ẹgbẹ́ Yúróòpù ṣe lè kọ́ ọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n FIFA kò jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún sọdá láti Áfíríkà lọ sí ẹgbẹ́ Yúróòpù. Ẹni tó pé ọdún mẹ́rìndínlógún, tí gbogbo ojú ti wà lára rẹ̀, yóò dúró ọdún méjì. Ejẹ́ǹtì ló sábà máa ń kún àyè yìí, àti ìlérí. Bó bá sì lọ tán, ọ̀nà ṣì jìn. Táíwò Awóníyì, ọmọ Ìlọrin tó gba Imperial Soccer Academy ní Òdèdá kọjá, fọwọ́ síwèé fún Liverpool ní 2015. Kò rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ gbà, wọ́n ń yá a fún ẹgbẹ́ kan sí òmíràn ní Jámánì, Nẹ́dálándì àti Bẹ́ljíọ̀mù fún ọdún mẹ́fà, kò sì gbá ìdíje kankan fún ikọ̀ àgbà Liverpool kó tó di ti Union Berlin àti Nottingham Forest. Àṣeyọrí nìyẹn pàápàá.

Àwọn tó ní ilé-ìwé ni akádẹ́mì wa

Àwọn àgbà tó mọ Ìbàdàn dáadáa ló sábà máa ń sọ èyí. Wọ́n a ní kí ọ̀rọ̀ akádẹ́mì tó dé ètè ẹnikẹ́ni, ilé-ìwé ti ń ṣe iṣẹ́ náà: Government College ní Àpáta, Loyola, Lagelu Grammar School, Ibadan Boys' High School, àti ìdíje láàárín wọn. Ní 1966, Yunifásítì Ìbàdàn, tó kọjú sí Agbowó, ló gba àlejò ìdíje àwọn yunifásítì Nàìjíríà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tí wọ́n ń pè ní Mathematical, kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Poli Ìbàdàn bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars, góòlù méjì tó gbá wọlé Algeria sì wà lára mẹ́ta tí Nàìjíríà fi gba ife Áfíríkà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1980. Òun fúnra rẹ̀ ló padà dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Wásimi, ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ìwé àti eré ìdárayá ti ń jọ rìn.

Mo fẹ́ràn èrò yìí, n kò ní pa á mọ́. Ohun kan tó ní tí èyí tó kù kò ní ni pé bí ẹsẹ̀ bá ṣẹ́ lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọmọ náà ṣì ní ìwé. Ọ̀pọ̀ akádẹ́mì ń kọ́ ọmọ fún iṣẹ́ tí díẹ̀ péré nínú wọn máa rí ṣe. Ilé-ìwé ń kọ́ ọ fún ayé tó kù.

Síbẹ̀, pápá wà níbo? Ní Bódìjà, ilẹ̀ ti wọ́n ju ohun tí ẹnikẹ́ni fi ń dá pápá sí lọ. Ní Agbowó, ilé tí wọ́n fi ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ti gba gbogbo àyè, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn kò bá wọ inú ọgbà Yunifásítì, kò ní rí ibi tó tẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni láti Ring Road dé Challenge wà nínú ilé alájà méjì, àgbàlá wọn kò sì ju ibi tí ọkọ̀ mẹ́ta lè dúró sí. Àwọn ilé-ìwé ìjọba tó ní pápá kò ní odi, bọ́ọ̀lù tàbí olùkọ́ eré ìdárayá tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìyẹn nìkan. Ọmọ tó wà ní SS3 ń sá fún WAEC àti JAMB, òbí rẹ̀ kò sì jẹ̀bi.

Àwọn tó ní bọ́ọ̀lù kò ṣeé kọ́

Àwọn kan gbà pé gbogbo ariwo akádẹ́mì kò wúlò. Múdà Lawal, tó gbá ìdíje Áfíríkà márùn-ún láti 1976 dé 1984, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe ní Abẹ́òkúta kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ráṣídì Yẹkínì ti UNTL, ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Kàdúná, wá sí Shooting Stars ní 1982. Òun ló gbá góòlù Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní ife àgbáyé, ní 1994. Mutiu Adépọ̀jù, ọmọ bíbí Ìbàdàn, dé Real Madrid ní 1989 láti àwọn ẹgbẹ́ ilé. Kò sí èyí tó ti inú ilé ìgbé jáde nínú wọn. Bọ́ọ̀lù félélé ní òpópónà, mọ́ńkípósì láàárín òkúta méjì, ìdíje àdúgbò, ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ikọ̀ àgbà.

Wọ́n ní ọmọ tó gbá félélé lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú kọ́ ohun tí kóòṣì kankan kò lè kọ́ ọ: bí a ṣe ń gba bọ́ọ̀lù tí kò gbọ́ràn sí ẹsẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n sì ní akádẹ́mì ń sọ gbogbo ọmọ di ẹ̀dà ara wọn. Mi ò rò pé èyí kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ tó gba Yẹkínì ti lọ, òpópónà tí àwọn ọmọ ń dí fún mọ́ńkípósì nígbà náà ti di ọ̀nà ọkọ̀ àti ọ̀kadà. Àwọn tó sọ pé kí àdúgbò tọ́ ọmọ ń sọ nípa àdúgbò tí kò sí mọ́. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ fún 3SC ni kó máa gba ẹni tó ti gbó wá láti ẹgbẹ́ mìíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kó sì tún tú wọn ká ní ìparí rẹ̀.

Owó tó wà nínú ìwé

Gbogbo ọ̀nà tí mo kà sílẹ̀ yìí ló pàdé ní ibi kan, ibẹ̀ ni wọ́n sì kì í sábà dé nínú àríyànjiyàn: ìwé ìforúkọsílẹ̀.

Òfin FIFA ní bí wọ́n bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn tó tọ́ ọ láti ọdún méjìlá dé mẹ́tàlélógún. Ọdún kọ̀ọ̀kan láàárín méjìlá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti mẹ́rìndínlógún jẹ́ 0.5. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní wọ́n ra ọmọ kan ní mílíọ̀nù mẹ́wàá yúrò, tó sì wà ní ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn láti ọdún méjìlá dé mẹ́tàdínlógún. Ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ náà ní 100,000 yúrò. Ọdún méjì tó tẹ̀ lé e fún un ní 100,000 mìíràn. Bí wọ́n bá tún tà á, wọ́n tún pín in. Èyí yàtọ̀ sí owó ìtọ́ni tí wọ́n ń san nígbà tó bá kọ́kọ́ di agbábọ́ọ̀lù olówó oṣù. Láti ìparí 2022, FIFA ti ní ilé-ìpínwó tirẹ̀ tó ń ka ìwé náà, tó sì ń pín owó náà fúnra rẹ̀.

Ìwé wo ló ń kà? Ìwé ìtàn agbábọ́ọ̀lù: ìlà fún sáà kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹgbẹ́, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde, bóyá olówó oṣù ni tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí ìlà bá ṣófo, owó rẹ̀ kò lọ síbi kankan tó jẹ́ ti Ìbàdàn. Kóòṣì tó fi ike omi kọ́ ọmọ ní ọdún méjìlá dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá sí lábẹ́ àjọ bọ́ọ̀lù, kò ní ìlà. Akádẹ́mì tó gba ọmọ náà ní ọdún mẹ́tàdínlógún, tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó lọ lóṣù mẹ́fà, ní ìlà. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ló ń parẹ́ fún àìsí bébà àti òǹtẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ìjọba, olówó, ilé-ìwé àti kóòṣì àdúgbò lè ṣe láìná owó púpọ̀ nìyí: kí wọ́n ti ọdún méjìlá forúkọ ọmọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ tí àjọ mọ̀.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ọjọ́ orí ṣì wà níbẹ̀. FIFA fòfin de Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje ọ̀dọ́ fún ọdún méjì ní 1989 nítorí ọjọ́ ìbí tí kò bára mu. Láti 2009 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ yẹ egungun ọrùn-ọwọ́ wò ní ìdíje àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀rọ náà wà fún ìdíje àgbáyé. Fún ọmọ tó ń wọlé sí akádẹ́mì ní Challenge lọ́la, ọ̀rọ̀ ẹnu òbí àti ìwé ìbí tí wọ́n lè gbà lánàá ló wà. Bí wọ́n ṣe máa fi ọmọ tó kéré ní tòótọ́ sí ipò rẹ̀, nígbà tí ẹni tó ju u lọ ní ọdún mẹ́rin ń bá a gbá, kò tíì rí ìdáhùn.

Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Asisat Oshoala gba FC Robo ní Èkó kọjá kó tó di ẹni tí gbogbo Áfíríkà mọ̀, Remo Stars náà sì ní ikọ̀ obìnrin. Ní Ìbàdàn, àríyànjiyàn akádẹ́mì ń lọ bí ẹni pé ọkùnrin nìkan ló ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ọmọ tí wọ́n bá já sílẹ̀ ní ọdún méjìdínlógún wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ilé-ìwé ní ìdáhùn sí èyí. Àwọn tó kù ní ìlérí. N kò mọ òfin kankan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó sọ iye wákàtí ìwé tí akádẹ́mì gbọ́dọ̀ fún ọmọ lọ́sẹ̀, tàbí iye owó tí ó lè gbà lọ́wọ́ òbí kó tó di ìfipá gba nǹkan.

Èyí tó kù, àwọn tó ń jókòó ní Adámásìngbà ló ni ín. Bí 3SC bá gba ọ̀nà akádẹ́mì lónìí, yóò tó ọdún mẹ́fà kí ọmọ àkọ́kọ́ tó wọ aṣọ ikọ̀ àgbà, àwọn ọdún kan á sì wà tí àwọn ọmọ yóò máa fìdí rẹmi nílé, lójú gbogbo ìlú. Shooting Stars ti rí ìjákulẹ̀, ó sì ti rí bí ìlú ṣe ń pariwo lé kóòṣì lórí lẹ́yìn ìfìdírẹmi mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ bóyá ìlú tó gba ife Áfíríkà ní 1976 lè fún àwọn ọmọ tirẹ̀ ní ọdún mẹ́fà yẹn, kò sí ní ọwọ́ gómìnà, kò sí ní ọwọ́ olówó.